Láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù

Ìyá elélùbọ́ ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tí ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi gúnlẹ̀. Wákàtí mélòó ni kí ó kà?

Láti Ìkẹjà dé Heathrow tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 850 kìlómítà ní wákàtí kan, ìṣirò yóò fún wa ní wákàtí mẹ́fà ó dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ a máa rìn nílẹ̀ kí ó tó fò, a sì máa dẹ eré nígbà tí ó bá fẹ́ balẹ̀. Nítorí náà, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni kí a kà. (Ọkọ̀ ojú omi ayé ọjọ́un a máa lò tó ọ̀sẹ̀ méjì láti Àpápá dé Liverpool!)

Aago ni ó ń da ọ̀rọ̀ rú. Ní oṣù Kejìlá, ọkọ̀ tí ó gbéra ní agogo 11 òwúrọ̀ yóò gúnlẹ̀ nígbà tí aago Ọ̀yọ́ bá lu 5:30 ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n 4:30 ni ti Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Keje, aago méjèèjì dọ́gba, nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa ti aago wọn síwájú nígbà ooru. Ọmọ tí ó ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ni òun dé kò purọ́ fún ìyá rẹ̀.