Orúkọ fún Agolo Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì

Nínú ẹ́ńjìnnì jíìpù oní-dísẹ́ẹ̀lì, gáàsì díẹ̀ a máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìn kọjá, a sì máa gbé oru ọ́ìlì lọ sí ọ̀nà afẹ́fẹ́, níbi tí yóò ti lẹ̀ mọ́ èédú èéfín. Agolo tí a ń so sójú ọ̀nà náà ni a ń wá orúkọ fún.

‘Agbepo’ kò yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé dísẹ́ẹ̀lì ni ó ń gbà pamọ́. ‘Asẹ́-oru’ ni a dábàá: bí asẹ́ ti ń dá eèrí dúró tí ògì ń kọjá, bẹ́ẹ̀ ni èyí ń dá ọ́ìlì dúró tí gáàsì ń kọjá. A kì í da eèrí padà sínú ògì. A kò sì gbọdọ̀ da ọ́ìlì ẹlẹ́gbin yìí padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bí asẹ́ bá dí, agbára gáàsì yóò ti ọ́ìlì gba ojú síìlì jáde.