Kí Ló Ń Jẹ Táyà Ẹ̀yìn Ọ̀kadà?

Ẹ lọ sí ìsọ̀ fọkanáísà ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Abẹ́òkúta, kí ẹ wo àwọn ògbólógbòó táyà ọ̀kadà tí wọ́n kó jọ síbẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ló máa ń pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ń pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó pààrọ̀ ti iwájú lẹ́ẹ̀kan. Inú a máa bí àwọn kan, wọ́n á ní ayédèrú ọjà ni wọ́n tà fún àwọn. Lóòótọ́, ayédèrú táyà wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí táyà dára tó, ti ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ jẹ, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti iwájú lọ. Apá kan nínú jíjẹ náà kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀. Apá kejì, ọwọ́ wa ló wà. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó wo méjèèjì.

1. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọ̀kadà

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ti ọ̀kadà yàtọ̀: tẹ̀yìn ló ń ti tiwájú. Bí ẹ bá fún ọ̀kadà níná, agbára ẹ́ńjìnnì yóò gba inú jíà lọ sí sprọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré. Ṣéènì yóò gbé agbára náà lọ sí sprọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tó wà lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò yí, táyà rẹ̀ yóò di ilẹ̀ mú, yóò sì tì í sẹ́yìn. Ìgbà náà ni ọ̀kadà yóò gbéra. Kò sí ṣéènì kankan tó lọ sí ẹsẹ̀ iwájú. Ó kàn ń yí nítorí pé wọ́n ń tì í ni.

Ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ kò tóbi. Lára ọ̀kadà kékeré, ó kéré sí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ibi kékeré yẹn ni gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì ń gbà dé ilẹ̀. Bí táyà bá ti ń ti ilẹ̀, rọ́bà ibẹ̀ máa ń nà, ó sì máa ń yọ̀ díẹ̀. Ojú kò rí yíyọ̀ náà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá fún ọ̀kadà níná ló ń ṣẹlẹ̀. Bó ti ń yọ̀ ni títì ń ha á lára.

Bí a bá wá fún ọ̀kadà níná lójijì, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yí wìì lórí ilẹ̀ kí ọ̀kadà tó gbéra, yíyọ̀ náà kò kéré mọ́. Ojú wa yóò rí ilà dúdú tí ó fà sórí ọ̀dà. Rọ́bà táyà wa ni ilà dúdú yẹn. Owó wa la fi kun títì.

2. Òun náà ló ń ru ẹrù jù

Bí ọ̀kadà bá dá dúró láìsí ẹnì kankan lórí rẹ̀, táyà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ìwúwo rẹ̀ dọ́gba. Nígbà tí ọlọ́kadà bá gùn ún, èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo tirẹ̀ yóò bọ́ sí ẹ̀yìn. Èrò tó bá gùn ún tẹ̀lé e, orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gan-an ló jókòó sí. Àpò gàrí tàbí iṣu tí wọ́n bá dè mọ́ káríà tún wà lẹ́yìn èrò. Kò sí èyí tó kan táyà iwájú púpọ̀ nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ rántí bí èrò ṣe máa ń fẹ́ dà sẹ́yìn nígbà tí ọlọ́kadà bá gbéra lójijì. Ìwúwo ọ̀kadà náà ń lọ sẹ́yìn lásìkò yẹn. Táyà tó ń ti ọ̀kadà ni ẹrù tún ń bọ́ lé lórí.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀kadà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí táyà ẹ̀yìn fi máa ń fẹ̀ ju ti iwájú lọ. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa, ẹ ó rí 2.75-17 lára táyà iwájú, ẹ ó sì rí 3.00-17 lára ti ẹ̀yìn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà, ìkejì ni ìwọ̀n rímù tí ó bá a mu. Íǹṣì ni wọ́n fi wọn méjèèjì.

Bí ẹ bá tún wò ó dáadáa, ẹ lè rí 50P lẹ́gbẹ̀ẹ́ 3.00-17. Lẹ́tà P ń sọ eré tí táyà lè sá mọ: kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Nọ́ńbà 50 ń sọ ẹrù tí ó lè gbé mọ, nígbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá pé: kìlógíráàmù 190. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ọ̀kadà wa wọn kìlógíráàmù 110, ọlọ́kadà wọn 70, èrò kìíní wọn 70, èrò kejì náà wọn 70. Ohun tí yóò bọ́ sórí táyà ẹ̀yìn yóò tó báyìí:

Ìdajì ọ̀kadà: 55
Láti ara ọlọ́kadà: 45
Láti ara èrò kìíní: 65
Àpapọ̀: 165

Títí débí, táyà ṣì lè gbé e. Kí a wá fi èrò kejì kún un:

165 + 70 = 235

Ó ti fi kìlógíráàmù 45 kọjá ohun tí wọ́n kọ sára táyà. A ò tíì ka ẹrù èrò mọ́ ọn, a ò sì tíì ka kòtò ojú ọ̀nà. Táyà tí a ń di irú ẹrù báyìí lé lójoojúmọ́ yóò gbóná, yóò rẹ̀, yóò sì jẹ kíákíá. Ó tún lè bẹ́ lórí eré.

3. Afẹ́fẹ́ inú táyà

Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ẹrù, táyà kàn pa á mọ́ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, ikùn táyà yóò wú síta, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì yóò máa tẹ ilẹ̀ ju àárín lọ. Bó ti ń yí ni ara rẹ̀ ń ká, tó ń nà. Kíká àti nínà yìí ló ń mú un gbóná, oòrùn ọ̀sán àti ọ̀dà gbígbóná á sì tún kún un. Rọ́bà tó bá gbóná máa ń rọ̀, rọ́bà tó rọ̀ sì máa ń tètè jẹ. Bí irú táyà bẹ́ẹ̀ bá já sí kòtò, rímù lè rún túúbù mọ́lẹ̀, kó sì lu.

Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù ńkọ́? Táyà yóò le gan-gan. Àárín rẹ̀ nìkan ni yóò máa kan ilẹ̀, àárín náà ni yóò sì jẹ. Dídi ilẹ̀ mú rẹ̀ á dín kù, ọ̀kadà á sì máa fò lójú ọ̀nà olókùúta.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré ń lò nìyí: 25 níwájú, 28 lẹ́yìn bí ọlọ́kadà bá dá wà, 32 lẹ́yìn bó bá gbé èrò. Lórí géèjì fọkanáísà, ibi tí wọ́n kọ PSI sí ni kí ẹ ti kà á. Ti ọ̀kadà yín lè yàtọ̀ díẹ̀, nítorí náà, ẹ wo ìwé tó bá a wá tàbí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí táyà ṣì tutù, ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ tí a fi ń gbá táyà kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín 20 àti 32 fún wa. Géèjì nìkan ló lè sọ ọ́.

4. Búréèkì ẹsẹ̀

Nígbà tí ọ̀kadà bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ máa ń ya lọ síwájú. Ẹ̀yìn á fúyẹ́. Bí ọlọ́kadà bá wá tẹ búréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á dì, kò ní yí mọ́, títì á máa wọ́ ọ. Ojú kan ṣoṣo lára táyà ni gbogbo wíwọ́ yẹn yóò jẹ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nígbà mélòó kan, ojú ibẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀kadà á sì máa gbọ̀n bó ti ń lọ.

Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù búréèkì ọwọ́, wọ́n rò pé yóò gbé àwọn ṣubú. Bẹ́ẹ̀, òun ló lágbára jù láti dá ọ̀kadà dúró, nítorí pé iwájú ni ìwúwo lọ. Ẹ lo méjèèjì pọ̀. Ẹ fún ti ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má fún un lójijì. Lórí yanrìn tàbí títì tó tutù, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tún rọra sí i. Ẹni tó bá ń wo iwájú dáadáa, tó ti dín iná kù kó tó dé ibi tí yóò dúró sí, kò ní máa fi táyà wọ́ ilẹ̀.

5. Ẹ fi ọwọ́ ka táyà yín

Ọlọ́kadà kan gbé ọ̀kadà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà àgbàlagbà kan.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Òo, ọmọ mi, o kú ewu ọ̀nà. Ṣé kò sí?"

"Ẹ bá mi wo táyà ẹ̀yìn yìí, Bàbá. Kò tíì pẹ́ tí mo rà á, ó ti ń pá."

Bàbá gbé ọ̀kadà náà sórí sitáńdì àárín. Ó fi ọwọ́ kan yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ kejì ra ojú táyà bó ti ń yí. Lẹ́yìn náà, ó dá a dúró.

"Fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó dáa. Fi kan ẹ̀gbẹ́ òsì."

"Háà! Ti òsì ti dán, Bàbá. Ti ọ̀tún ṣì ní ojú."

"Ta ló fa ṣéènì rẹ gbẹ̀yìn?"

"Èmi ni, sà."

"Wá wo ibi tí nọ́ọ̀tì yìí wà. Lápá ọ̀tún, ìlà kẹta ni àmì rẹ̀ dúró sí. Lápá òsì, ìlà kẹrin ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ ti wọ́. Kò kọjú síbi tí tiwájú kọjú sí mọ́."

Bàbá tú nọ́ọ̀tì méjèèjì, ó mú àmì méjèèjì bá ara wọn dọ́gba, ó sì dì wọ́n padà. Kò ta táyà kankan fún ọmọkùnrin náà lọ́jọ́ náà.

Àwa náà lè ka táyà wa bí Bàbá ti kà á:

Bí àárín nìkan bá jẹ, ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ la ń rìn jù, tàbí kí afẹ́fẹ́ pọ̀ jù.
Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá jẹ, afẹ́fẹ́ kéré, tàbí kí ẹrù pọ̀ jù.
Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ, ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti wọ́.
Bí ojú kan ṣoṣo bá tẹ́ pẹrẹsẹ, búréèkì ẹsẹ̀ ló fà á.
Bí ara rẹ̀ bá gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, òkúta ojú ọ̀nà ni. Ẹ yọ gbogbo èyí tó há sáàárín ojú táyà kó tó wọlé jù.

Ẹ wo ṣéènì pẹ̀lú. Bó bá rọ̀ jù, ńṣe ni yóò máa já ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbà nígbàkígbà tí a bá fún ọ̀kadà níná. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ni ó yẹ kó lè gòkè sọ̀kalẹ̀ bí a bá fi ìka tì í láàárín.

6. Ìgbà tó yẹ kí táyà ṣí kúrò

Ẹ wá lẹ́tà TWI tàbí àmì onígun mẹ́ta kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ní ọ̀gangan ibẹ̀, ẹ ó rí rọ́bà kékeré tó yọ sókè nínú kòtò ojú táyà. Nígbà tí ojú táyà bá ti jẹ débi tó bá rọ́bà kékeré yẹn dọ́gba, táyà ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn kòtò tóóró tó wà lójú táyà ni omi òjò ń gbà sá jáde. Táyà tó ti pá kò ní ọ̀nà kankan fún omi. Lórí títì tó tutù, omi yóò wà láàárín rọ́bà àti ilẹ̀, ọ̀kadà kò sì ní gbọ́rọ̀ sí búréèkì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò fi ọ̀bẹ gbígbóná ya ojú tuntun sí i fún yín, ẹ má gbà. Rọ́bà tó ṣẹ́kù lórí okùn inú táyà ló fẹ́ gé.

Bí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2024. Rọ́bà tó ti pẹ́ lórí àtẹ máa ń gan, ó sì máa ń sán, kódà bí ẹnì kankan kò bá tíì lò ó rí.

7. Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ló dé tí táyà ẹ̀yìn fi ń jẹ ju ti iwájú lọ? Ẹ kọ ìdí mẹ́ta.
2. Táyà kan lè gbé kìlógíráàmù 190. Ẹrù 165 ti wà lórí rẹ̀. Kìlógíráàmù mélòó ló ṣẹ́kù tí ó lè gbé?
3. Ẹ lọ sídìí ọ̀kadà kan ládùúgbò yín. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì dà á kọ sínú ìwé yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà yín lọ́la kí ẹ tó gbé èrò àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ̀ ọ́, bí ẹ bá rí i pé táyà ẹ̀yìn ti dán tàbí pé èrò kan ti wà lórí ọ̀kadà náà, ẹ dúró de òmíràn. Owó táyà tuntun kì í tó owó ìtọ́jú ẹsẹ̀ tó kán.