ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Pàṣípààrọ̀ nínú ilẹ̀ òkè ayọnáyèéfín

Láti Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń kó pòtétò wá sí ọjà Mile 12 ní Èkó. Òkè ayọnáyèéfín ti bú ní Jọ́ọ̀sì láyé àtijọ́. Òkúta dúdú tó tú jáde ló di ilẹ̀ oko níbòmíràn lágbègbè náà.

Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, amọ̀ àti ewé tó ti jẹrà ní iná òdì (−) lára, òun ni wọ́n fi ń di kálísíọ́mù (Ca²⁺) àti pọtásíọ́mù (K⁺) mú. Ọ̀kan lè lé èkejì kúrò kó sì gba ipò rẹ̀: pàṣípààrọ̀ nìyẹn. Kí iná lè dọ́gba, Ca²⁺ kan ní láti lé K⁺ méjì. Apá ibi tí agbára Gibbs (agbára tó ṣeé fi ṣiṣẹ́) yóò ti dín kù ni pàṣípààrọ̀ ń kọrí sí, títí kò fi ní lè dín kù mọ́. Ìdínkù agbára yìí kì í sábà pọ̀, ìyẹn ni ajílẹ̀ fi tètè ń yí pàṣípààrọ̀ náà padà.

Òkè ayọnáyèéfín mìíràn, Òkè Kamẹrúùnù, bú lọ́dún 1999. Bí ilẹ̀ tó ti inú eérú irú òkè bẹ́ẹ̀ jáde bá kan jù, iná òdì ara rẹ̀ á dín kù. Eérú igi lè dá díẹ̀ nínú iná òdì náà padà.