Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé Stored Procedure Ló Ń Yára Jù?

Ọ̀rọ̀ kan kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà: wọ́n ní stored procedure ló yá, pé ẹni tó bá kọ SQL sínú ètò rẹ̀ gan-an ń fi àkókò ṣòfò. Àwa náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Kí dátábéèsì tó dáhùn ìbéèrè, ó ní láti kà á, kí ó sì pinnu ọ̀nà tí yóò gbà: ṣé atọ́ka ni yóò tẹ̀lé, àbí yóò tú gbogbo tábìlì wò? Ìpinnu yìí ń gba àkókò. Títí dé SQL Server 6.5, stored procedure ló ní àǹfààní, nítorí pé apá kan iṣẹ́ yìí ti wà ní ìpamọ́ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí SQL Server 7.0 jáde ní 1998, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpinnu SQL lásán náà pamọ́ kí ó lè tún un lò.

Níbo wá ni ìyàtọ̀ wà? Ẹ wo ìbéèrè yìí lórí èsì ìdánwò:

SELECT k.akole, e.maaki FROM esi e JOIN koosi k ON k.id = e.koosi WHERE e.nomba = '1021'

Bí a bá ń so nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọn báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ 3,000 di ìbéèrè 3,000 lójú dátábéèsì, yóò sì máa ronú lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi @nomba rọ́pò '1021', tí a sì fi sp_executesql rán an, ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Stored procedure kò lè fi bẹ́ẹ̀ yára ju èyí lọ.

Ibi tí ó ti borí ni iṣẹ́ onípele púpọ̀. Bí a bá fẹ́ ka máàkì, kí a ṣírò GPA, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀, ìpè kan ṣoṣo ti tó o. SQL inú ètò lè lọ bọ̀ lórí wáyà lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Síso ọ̀rọ̀ mọ́ ìbéèrè tún ní ewu tó ju ìfàsẹ́yìn lọ. Ẹni tó bá tẹ ' OR '1'='1 síbi nọ́ńbà lè rí èsì gbogbo ilé-ìwé. Stored procedure tó bá ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ara rẹ̀, tó wá ń fi EXEC ṣe é, kò bọ́ nínú ewu yìí rárá.