Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tó Fẹ́ Fi Windows Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Ẹ má tìtorí ìyẹn ju kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nù. Linux wà, ètò ìṣiṣẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ọ̀fẹ́ sì ni.

Oríṣiríṣi rẹ̀ ló máa ń da ọmọ ènìyàn lórí rú. Linux Mint ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Orí Ubuntu, oríṣi Linux mìíràn, ni wọ́n kọ́ ọ lé, ìrísí rẹ̀ sì jọ ti Windows débi pé á tètè mọ́ yín lára. Bí ráàmù kọ̀ǹpútà yín bá kéré, ẹ̀dà Xfce rẹ̀ ni kí ẹ yàn; ó fúyẹ́. Arch, oríṣi Linux mìíràn, dára o, àmọ́ kó dúró ná.

Ẹ gbé Mint sórí fíláàṣì, kí ẹ fi tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ dán an wò láìtíì pa ohunkóhun rẹ́. Ṣé Wi-Fi ń ṣiṣẹ́? Ohùn ńkọ́? Ẹni tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà nínú Photoshop, kó mọ̀ pé Adobe ò ṣe é fún Linux. Kí ẹ tó wá gbé Mint wọlé pátápátá, ẹ da fọ́tò àti ìwé yín sí ibòmíì, kí ẹ sì ṣí wọn wò níbẹ̀.