Ẹ̀kọ́ Wa T'Oṣù Yìí: Kí A Tó Gbà Kí Wọ́n Pa Ilé-Ìwé Méjì Pọ̀

  

Ẹ ó rántí pé ariwo pọ̀ ní ìpàdé wa tó kọjá. Ìwé kan ni àwọn ọmọ mú wálé, pé wọ́n ń gbèrò láti pa ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ọjà wa (jẹ́léósinmi títí dé kíláàsì kejì) pọ̀ mọ́ ilé-ìwé àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní òdì-kejì títì. Àwọn kan ní ó dára, àwọn kan ní kò dára, àwọn kan kò tilẹ̀ ka ìwé náà, wọ́n ṣáà ń pariwo. Ìyálọ́jà wá ní kí èmi akọ̀wé kọ ohun tó yẹ ká mọ̀ sílẹ̀, kí a má baà dé ìpàdé àwọn òbí ká máa ná ọjà tí a kò rí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà o, kì í ṣe pé mo gbọ́n jù yín lọ. Mo bi àwọn tó mọ̀ ni. Abéèrè kì í ṣìnà.

1. KÍ NI PÍPA ILÉ-ÌWÉ PỌ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣe àpèjúwe. Bí ìwọ tó ń ta èlùbọ́ àti ẹnì kejì tó ń ta gàrí bá fẹ́ pa ìsọ̀ pọ̀, ṣebí ẹ ó kọ́kọ́ bi ara yín pé: ìsọ̀ ta ni a ó lò? Ta ni yóò máa di kọ́kọ́rọ́ mú? Ọmọ iṣẹ́ mélòó ni yóò kù? Ìsọ̀ tó bá ṣófo ńkọ́, ta ló ni ín? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ilé-ìwé. Ọ̀gá méjì á di ọ̀kan, orúkọ méjì á di ọ̀kan, ọgbà kan á sì ṣófo.

2. KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI Ń ṢE É?

Kì í ṣe ìkà ni gbogbo ìgbà o. Bí ọmọ bá dín kù nínú kíláàsì, tí olùkọ́ kò sì tó, ó lè dára kí a kó wọn pọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwa náà wà lára ohun tó fà á. Bí ajé bá ti bú sí i fún wa díẹ̀, ilé-ìwé aládàáni la ń sáré gbé ọmọ lọ.

Ẹ wo ibi tí a ti ń bọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ní 1976 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tiwọn, ọdún náà ni èmi pẹ̀lú wọ kíláàsì kìíní. Ṣé ẹ rántí? Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ kọjá lórí kí n fi di etí òdì-kejì mú kí wọ́n tó gbà mí. Ilé-ìwé yẹn ló jẹ́ kí n lè kọ ìwé tí ẹ ń kà yìí.

Pípapọ̀ náà ní àǹfààní tirẹ̀: ẹ̀gbọ́n á máa mú àbúrò lọ, á máa mú un bọ̀, a ò sì ní máa wá ilé-ìwé mìíràn bí ọmọ bá jáde kíláàsì kejì.

3. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ Ọ̀ṢUN

Láàárín ọdún 2012 sí 2013, nígbà ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n tún ilé-ìwé tò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kíláàsì kìíní sí ìkẹrin dá dúró, fún ọmọ ọdún 6 sí 9. Kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà lọ bá àwọn ọmọ JSS, láti ọdún 10 sí 14. SS náà dá dúró. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ ilé-ìwé pọ̀, àwọn kan tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan tàbí ti obìnrin nìkan di àdàlú. Wọ́n kọ́ ilé-ìwé ńlá tuntun, ẹ jẹ́ ká sọ èyí náà. Ṣùgbọ́n àwọn òbí kan ṣàròyé pé ọ̀nà jìn fún ọmọ, àwọn ẹlẹ́sìn tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ láyé àtijọ́ sì bínú.

Nígbà tó di ọdún 2020, Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá tó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀ yí i padà sí 6-3-3-4 tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ fi ọkàn bá mi kà á: ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní 2012 kò tíì jáde JSS3 tí ètò náà fi yí padà.

Èmi ò wá dá ẹjọ́ ìjọba kankan o. Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé pípapọ̀ kò ṣòro, pípín padà ló ṣòro. Ẹni tó bá da èlùbọ́ iṣu pọ̀ mọ́ láfún, ṣé yóò tún rí i ṣà sọ́tọ̀?

4. NÍ ÌLÚ ÒYÌNBÓ ŃKỌ́?

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ìwé ínfáńtì wà fún ọmọ wẹ́wẹ́ títí dé ọdún 7, jùníọ̀ wà láti 7 sí 11. Wọ́n ti pa méjèèjì pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, ọmọ ilé-ìwé ń dín kù, nítorí ọmọ bíbí dín kù, owó ilé gbígbé sì wọ́n. Bí ọmọ bá dín kù, owó tí ìjọba ń fún ilé-ìwé á dín kù.

Ṣùgbọ́n òfin wọn ní kí wọ́n kọ́kọ́ kéde, kí wọ́n sì fún ará àdúgbò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti sọ tẹnu wọn. Òfin ọdún 1998 tún ní kíláàsì ọmọ wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ ju 30 lọ fún olùkọ́ kan.

5. Ẹ JẸ́ KÁ ṢE ÌṢIRÒ

Ní Nàìjíríà tiwa, ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní kí ọmọ 25 wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan ní jẹ́léósinmi, kí 35 wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ká ní kíláàsì kan ní ọmọ 42, èkejì ní 36. Bí a bá pa wọ́n pọ̀, ó di 78. Olùkọ́ méjì á gba 70, mẹ́jọ á ṣẹ́kù. Olùkọ́ mẹ́ta ni wọ́n nílò. Bí wọ́n bá wá ní olùkọ́ kan ló tó, ẹni tó bá ń fi kóńgò wọn gàrí mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ wa jẹ.

6. Ọ̀RỌ̀ ILẸ̀ TÓ MÁA ṢÓFO

Ibi yìí ló le, màá sì sọ ọ́ láìfi ọ̀kan pe méjì. Àwọn kan nínú wa ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé bí ilé-ìwé ẹ̀yìn ọjà bá ṣófo, wọ́n lè fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún wa. Inú èmi náà kọ́kọ́ dùn. Ẹ mọ̀ pé etí gọ́tà ni mo ń tajà sí, òjò sì ń pa èlùbọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi wà nínú ilé-ìwé yẹn, ọmọ ọdún márùn-ún. Bí wọ́n bá jáde lọ́sàn-án, ẹ̀yìn ọjà ló ń gbà wá bá mi, kò la títì kankan kọjá. Ní ọjọ́ kejì ìpàdé wa, mo fi ìsọ̀ sílẹ̀, mo lọ dúró létí títì ní aago kan ọ̀sán. Mọ́tò akẹ́rù, ọlọ́kadà, dáńfó, kò sí èyí tó dẹsẹ̀ dúró. Èmi àgbàlagbà dúró títí kí n tó rí àyè kọjá. Mo padà sí ìsọ̀ mi, mi ò lè pọ́n èlùbọ́ fún oníbàárà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ẹ̀yin ìyá mi, àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ló ń gbé ilé tí a kọ́ tà. Ká má fi ọ̀nà ilé-ìwé ọmọ wa pààrọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá ń fẹ́ ìsọ̀ tuntun, ẹ jẹ́ ká bèèrè rẹ̀ lọ́tọ̀.

7. ÌBÉÈRÈ TÍ A Ó BI WỌN

Kí olúkúlùkù gé ibí yìí pamọ́ sínú àpò owó rẹ̀:

(i) Ta ni yóò máa mú àwọn ọmọ kékeré sọdá títì, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án?

(ii) Olùkọ́ mélòó ni yóò kù, ọmọ mélòó ni yóò sì wà lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan?

(iii) Ṣé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yóò ní ilé ìgbẹ́ àti ẹ̀rọ omi tiwọn? Ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè bá ọmọ ọdún méjìlá du omi.

(iv) Aago mélòó ni wọn yóò máa jáde? Bí kékeré bá ṣíwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?

(v) Ta ni yóò ni ilẹ̀ tó bá ṣófo? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

(vi) Ṣé yóò mú owó kankan dání fún òbí, bí aṣọ ilé-ìwé tuntun? Òfin ọdún 2004 ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS3.

8. BÍ A Ó ṢE LỌ

Ìgbìmọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní SBMC, tí ará ìlú fi ń bá ilé-ìwé ìjọba ṣe àkóso. Ẹgbẹ́ obìnrin ní àyè níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yan ẹni méjì lọ́jọ́ ìpàdé wa, ọ̀kan tó lè sọ̀rọ̀, ọ̀kan tó lè kọ̀wé. Ká sì kọ ìwé sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa pé kí wọ́n má fi ìpàdé àwọn òbí sí ọjọ́ ọjà. Bí wọ́n bá fi í sí ọjọ́ ọjà, àwọn tí kò tajà ni yóò bá wa pinnu.

Mi ò ní kí ẹ kọ̀ ọ́, mi ò sì ní kí ẹ gbà á. Bí wọ́n bá dáhùn ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí ẹni tó ń mú ọmọ sọdá sì wà, èmi gan-an á nawọ́ sókè pé mo fara mọ́ ọn. Bí wọn kò bá dáhùn, ká ní kí wọ́n dúró ná.

Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó ní kí ọmọ rẹ̀ ka èyí sí òun létí. Ó di ọjọ́ ìpàdé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Èmi ni Akọ̀wé yín, ará ìsọ̀ èlùbọ́.