Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Iṣan Ni Ọwọ́ Ń Tẹ̀, Kì í Ṣe Egungun

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja ọjà Sandgrouse, ẹ̀yin alábàárù, ẹ mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń dunni. Ẹ mọ òrí, ẹ mọ Aboniki, ẹ sì mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára ládùúgbò, tó lè tẹ èèyàn lẹ́yìn kó sùn lọ. Ìyẹn kọ́ la wá kọ́.

Ohun kan ṣoṣo la wá kọ́, torí òun ni àwọn kíláàsì tó ṣáájú yín máa ń ṣì gbọ́. Wọ́n á ní: "Tíṣà, egungun ẹ̀yìn mi ti tẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ padà." Rárá o! Iṣan ni ọwọ́ ń tẹ̀, kì í ṣe egungun. Ẹ kà á sókè: iṣan ni ọwọ́ ń tẹ̀, kì í ṣe egungun.

Iṣan ni ẹran ara tó so mọ́ egungun, tó ń fà á ká lè rìn, ká lè bẹ̀rẹ̀, ká lè rẹrù. Ẹ wo òpó kánópì òde ìnáwó. Okùn ni wọ́n fi dè é lọ́tùn-ún lósì. Bí okùn ọ̀tún bá fà jù, òpó á tẹ̀ sọ́tùn-ún. Ta ló máa gbé òòlù lu òpó? Okùn la ó dẹ̀. Egungun ẹ̀yìn ni òpó, iṣan ni okùn.

Ẹ fi ìka sẹ́yìn ọrùn yín. Ẹ gbé orí sókè dáadáa: ibẹ̀ rọ̀. Ẹ wá tẹ orí ba, bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe tẹ́ ẹ bá ń họ ìpẹ́ ẹja lórí àpótí. Ṣé ó ti le? Orí àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi kílò 5. Iṣan yẹn ló ń dì í mú láti àárọ̀ dalẹ́. Òun ló ń gan.

Bí wọ́n bá rọra fòrí ra á, á dẹ̀, ara á fúyẹ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tún tẹ̀ ba lọ́la láìdìde, á tún gan. Ẹ máa dìde lóòrèkóòrè, ẹ fọwọ́ sí ìbàdí, ẹ rọra fà sẹ́yìn. Ẹ gbé tábìlì ẹja ga dé ìbàdí. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ yín débi igbe. Igbe kì í ṣe àmì ìwòsàn.

Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó gbóná, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ra á: ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀, kó sì ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹni tó ṣubú tí kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ilé ìwòsàn egungun Ìgbóbì ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Nítorí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun ni wọ́n ṣe dá ibẹ̀ sílẹ̀. Àwọn físíò wà níbẹ̀ tó kàwé lórí iṣan. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ físíò fún dìgírì láti ọdún 1966.

Ọ̀rọ̀ àwọn alábàárù ló kù, ó sì ń dùn mí. Páálí ẹja dídì kan sábà máa ń tó kílò 20. Àwọn kan nínú ẹ̀yin ẹlẹ́ja á di méjì lé ọmọ ọlọ́mọ lórí kí wọ́n lè sanwó ẹyọ kan. Kò dáa. Ẹ jẹ́ kó ru ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì san owó rẹ̀ pé.